Ìṣó Ara Ògiri Lọ́yà Sùúrù

Ọjọ́ tí Lọ́yà Sùúrù dìde lórí ìjókòó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga fún Àkàbà, ọjọ́ náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àkàbà.

Láti ìgbà tó ti ń lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà, orí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó, bẹ́ńṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó jẹ́ pé bí ẹni méjì bá wà lórí rẹ̀, tí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á mì. Lọ́yà á yọ orí síta, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ń lọ. Ẹ ṣáà ní sùúrù,” á sì fa orí wọlé bí ahun. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Kò sí ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ bá a tí kò jẹ sùúrù yó bọ̀ wálé.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé àga. Ó fi aṣọ inuwọ́ nu ún. Ó ṣí fìríìjì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó da omi tútù sínú ife, ó gbé e lé Àkàbà lọ́wọ́. Ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè ìyàwó, ó ní ṣé oorun ń wá dáadáa. Àkàbà ní oorun ń wá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ òun ńkọ́? Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó wo ògiri, kò wo Àkàbà.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

Kò ní kó ní sùúrù. Àkàbà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin tó ti sán.

Akunlé ni Àkàbà. Nígbà tí ara ṣì le, kò sí ilé tó ga jù fún un; kó o tó ṣẹ́jú, ó ti wà lókè, ó ń kọrin. Ẹ̀bùn yìí ló fún un lórúkọ, òun náà ló sì fẹ́ pa á. Ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan gba iṣẹ́ ilé alájà mẹ́fà, wọ́n di igi pọ̀ mọ́ ara ilé náà kí àwọn akunlé lè rí ibi dúró sí. Okùn ògbólógbòó ni wọ́n fi dì í, okùn aláwọ̀ ewé tí oòrùn ti mú kó ṣá. Àkàbà pe fóòmàn, ó ní okùn yìí ti gbó. Fóòmàn ní ṣé Àkàbà ló fẹ́ bá àwọn ra tuntun ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, okùn já. Igi ṣáájú, Àkàbà tẹ̀ lé e.

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Wọ́n fi irin kàn án pọ̀ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n irin náà ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí wọn kò bá tètè là á, kí wọ́n tún un ṣe, ẹsẹ̀ náà á gbẹ mọ́ ọn lára, gígé ni wọ́n á gé e. Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ju agbára akunlé lọ. Ọrùn ilé-iṣẹ́ tó fi okùn gbígbó di igi ló yẹ kó wà. Ìdí nìyí tí Àkàbà fi lọ bá Lọ́yà Sùúrù: kí ọkùnrin náà bá òun fi ẹjọ́ gba ẹsẹ̀ òun padà.

Ẹ má rò pé Àkàbà jẹ́ ẹni tí omi tútù lè mú lórí wálẹ̀. Ọkùnrin náà kì í gbàgbé. Bíríkìlà kan wà ní òpópónà wọn tí kò kí mọ́ láti ọjọ́ tó ṣubú, nítorí ó ní bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń gbé òun kọjá. Bíríkìlà wá bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò rẹ́rìn-ín, oòrùn ló wọ òun lójú. Àkàbà ní ojú loòrùn ń wọ̀, kì í ṣí eyín. Ó parí síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé inú burúkú ni. Ẹni tí okùn kò já mọ́ nídìí rí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò gbé ojú sókè.

“Ó fún yín lómi?”

“Omi tútù.”

“Nínú ike?”

“Nínú ife gíláàsì.”

Ìyá Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dákẹ́. “Bàbá wọn, ẹ gbọ́. Bí mo bá ran aṣọ èèyàn dáadáa, tó bá dé, màá ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n tó ráyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irin ìlọṣọ jó aṣọ rẹ̀, kó tó yọ lókèèrè ni mo ti ń wá àga. Ọkùnrin yẹn ti jó aṣọ yín.”

Àkàbà ní kó má pa òwe ìránṣọ mọ́ òun lórí. Ṣùgbọ́n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, oore Lọ́yà Sùúrù kò dáwọ́ dúró. Àárọ̀ kan kì í mọ́ kó má pe Àkàbà lórí fóònù láti béèrè ẹsẹ̀. Ó ra ọ̀pá ìtilẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n fi rọ́bà dì ní ẹnu. Ó fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé e lọ rí dókítà. Bí Àkàbà bá sì ti mẹ́nu ba ẹjọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkàn Àkàbà kò balẹ̀. Ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń fi òróró pa á lára díẹ̀díẹ̀, tí kò sì mọ iná tí wọ́n fẹ́ fi í yan.

Èyí tó burú jù ni ti àbúrò rẹ̀. Akunlé lòun náà, ọwọ́ Àkàbà ló ti kọ́ṣẹ́, Rólà sì ni wọ́n ń pè é nítorí kò fẹ́ràn kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì yẹ́ kọ̀rọ̀ wò. Rólà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí ọ̀dà mọ́ ògiri, ló máa ń gbá lé gbogbo nǹkan. Lọ́yà Sùúrù ń kọ́ ilé alájà mẹ́rin sí ojú ọ̀nà kóòtù. Ó pe Rólà, ó gbé iṣẹ́ ọ̀dà ilé náà látòkè délẹ̀ fún un. Rólà fò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ròyìn, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ó ní Lọ́yà ní ẹni tó kun ọ́fíìsì òun tó dára tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹlòmíràn kun ilé òun.

“Ó bi ẹ́ ní nǹkan mìíràn?” ni Àkàbà wí.

“Rárá o. Àfi ìtàn bá a ṣe kun ọ́fíìsì. Ó ní kí n tún un sọ. Ó fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́.”

Ìyá Aránṣọ, tó ń já òwú létí ẹ̀rọ, gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló mú ọkọ rẹ̀ lọ bá lọ́yà obìnrin kan tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wo ayé láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè láti dé kóòtù. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá a, kò fún wọn lómi. Ó tọ́ka sí ìjókòó, wọ́n sì jókòó.

Ó ní kò sí ẹjọ́ kankan ní kóòtù lórúkọ Àkàbà. Kò sí lónìí, kò sí rí. Ó ní òfin ò fi ayé sílẹ̀ láìnípẹ̀kun fún ẹni tó bá ṣèṣe: ọdún mẹ́ta ló fún un láti gbé ẹni tó ṣe é léṣe lọ sí kóòtù, láti ọjọ́ ìṣubú. Bí gbèdéke yẹn bá ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì. Ti Àkàbà ti kọjá tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó so okùn ti bọ́, kò sí ẹni tó tún lè mú un.

Ìyá Aránṣọ di ọwọ́ mú lórí itan. Àkàbà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n ti sọ fún un pé kò ní yè.

“Ilẹ̀kùn kan kù,” ni lọ́yà obìnrin náà wí. “Ẹ lè pe Lọ́yà Sùúrù fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ gbé ẹjọ́ fún un, ó sùn lé e lórí. A máa fi hàn pé ẹ̀ bá jàre ilé-iṣẹ́ yẹn, a ó sì fi hàn pé oorun rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ̀ bá gbà lọ́wọ́ wọn, òun ló máa san án. Ṣùgbọ́n òfin fún ìyẹn náà ní gbèdéke. Bí oṣù yìí bá parí, ó parí.”

“Ṣé ó mọ̀?”

“Bàbá, lọ́yà ni. Ó ń retí òpin oṣù yìí bí ọmọ iléèwé ṣe ń retí àkókò ìsinmi. Gbogbo ife omi tó ń gbé fún yín, ọjọ́ kan lẹ ń gbé mì.”

Ó wá béèrè ohun tó ń ṣe òun ní kàyéfì. Ó ní Lọ́yà Sùúrù máa ń fi nǹkan falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kò gbọ́ ọ rí pé gbèdéke kọjá lórí rẹ̀. Báwo ló ṣe wá gbàgbé eléyìí?

Àkàbà mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló mọ̀.

Lọ́yà Sùúrù kì í kọ gbèdéke sílẹ̀. Ìṣó méjìlá ló kàn mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ìṣó kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tí gbèdéke rẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kan, orí ìṣó oṣù yẹn ló máa ń gbé e kọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti kọ́ àṣà náà. Bí oṣù bá ti yọjú, á sọ̀ gbogbo ohun tó wà lórí ìṣó rẹ̀ kalẹ̀, á sì kó wọn lọ sí kóòtù. Kò sì tíì jìn sí kòtò rí. Àkàbà máa ń rí i láti orí bẹ́ńṣì, àmọ́ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Àkàbà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òun lóore lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Lọ́yà gbà láti má gba nǹkan kan títí ẹjọ́ á fi yanjú, Àkàbà ní òun á bá a kun ọ́fíìsì, kí ojú òun má bàa tì òun. Lọ́yà rìnrìn àjò, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Rólà ló gun àkàbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń darí rẹ̀. Rólà fẹ́ yí ìṣó po pẹ̀lú ọ̀dà. Àkàbà ní láéláé. Ó ní ọ̀lẹ ló ń kun ọ̀dà yí ìṣó ká. Kó yọ wọ́n, kó dí ihò, kó kùn ún, kó tó dá wọn padà. Rólà kùn ún bí ẹni ń lá oyin. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi okùn wọn ìlà, wọ́n kan ìṣó padà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì gbé fáìlì kọ́. Àkàbà ló ní kí àwọn tó nípọn wà nísàlẹ̀, kí àwọn tó fẹ́lẹ́ wà lókè, kí ojú ògiri lè gún régé. Fáìlì tirẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́lẹ́. Ìparí ìlà òkè ló bọ́ sí, lórí ìṣó ìparí ọdún, gbèdéke rẹ̀ sì ti kọjá kí oṣù yẹn tó dé.

Nígbà tí Lọ́yà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ́fíìsì òun ti di ààfin. Kò sún mọ́ ògiri wò ó.

Gbogbo èyí ni Àkàbà sọ fún lọ́yà obìnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà kó dákẹ́, kò dákẹ́. Obìnrin náà yọ awò ojú.

“Bí mo bá gbé ọmọ fún yín tọ́, tí àlejò wá gbé ọmọ náà láti orí ẹní kan sí òmíràn, ta ló yẹ kó mọ ibi tọ́mọ sùn?”

“Ẹni tó gba ọmọ tọ́.”

“Ẹ ti dá ẹjọ́ náà. Ọgọ́rùn-ún àlejò ì báà wọlé, ẹrù rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó máa sọ ọ́ ní kóòtù pé ẹ̀yin lẹ tú òun nílé ká. Ẹnu àbúrò yín ló sì máa fi sọ ọ́.”

Àkàbà rántí fóònù tó wà lórí tábìlì nígbà tí Rólà ń ròyìn. Lọ́yà ti gba ohùn ọmọ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni ìwé ẹjọ́ parí. Lọ́yà obìnrin náà ní kí Àkàbà pàdé òun ní kóòtù, nítorí ó gbọ́dọ̀ búra, kó sì fọwọ́ sí i níwájú akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni bó bá ti di ọ̀sán. Àkàbà tètè jáde. Ọ̀nà kan náà ló lọ síbẹ̀, iwájú ilé tuntun Lọ́yà Sùúrù ló sì gbà kọjá.

Ó gbójú sókè láti wo iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, nítorí oníṣẹ́ kì í kọjá lára ògiri láìwò ó. Rólà wà ní àjà kẹrin, ó dúró lórí igi. Àkàbà wo ibi tí wọ́n ti so igi mọ́ra. Okùn aláwọ̀ ewé. Oòrùn ti mú kó ṣá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti lọ. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Rólà jùwọ́ sí i, ó ní kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ kóun parí ojú ibi tóun wà. Àkàbà ní okùn yẹn ti gbó. Rólà rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí okùn ti bá ẹ̀gbọ́n òun jà, kò sí okùn tó tún dáa mọ́ láyé.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí. Lọ́yà Sùúrù jáde wá pẹ̀lú àga lọ́wọ́ kan, ife omi lọ́wọ́ kejì. Ó gbé àga sábẹ́ òjìji. Ó fi aṣọ inuwọ́ nu ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ó ń bọ̀ nílẹ̀ láìpẹ́, ẹ dúró dè é.” Ó gbójú sókè wo okùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wo ojú ọjọ́. “Èmi náà rí okùn yẹn. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ẹ ní sùúrù.”

Oòrùn ti dé àtàrí. Àkàbà wo àga, ó wo okùn, ó wo ọ̀nà kóòtù tó gùn gbọọrọ níwájú rẹ̀. Bó bá jókòó de Rólà, akọ̀wé á ti tìlẹ̀kùn. Bó bá lọ, irú igi tó gbé òun ṣubú ló fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lé lórí. Lọ́yà kò yára. Ó na ife omi sí i, omi náà kò tilẹ̀ mì lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin kan wà láàárín àwọn akunlé tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá gidi. Bí ọ̀gá bá dúró nísàlẹ̀, tó ní “Ilẹ̀!”, ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ béèrè ìdí, kò gbọdọ̀ parí ojú ibi tó wà. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà án mọ́ wọn lára. Àkàbà kò tíì sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú, nítorí ó ní ẹni tí kò lè gùn mọ́ kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni.

“Ilẹ̀!”

Irinṣẹ́ ọ̀dà bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ta sí Lọ́yà Sùúrù ní bàtà. Lókè, ara ti ń ṣiṣẹ́ kí ọkàn tó ronú: ẹsẹ̀ kan sí igi ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ kejì sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àkàbà dúró títí àbúrò rẹ̀ fi sọ̀ kọjá àjà kejì, níbi téèyàn ti lè já bọ́ kó má kú. Ó wá kọjú sọ́nà. Kò fọwọ́ kan omi.

Kò mọ bó ṣe rin ọ̀nà yòókù. Irin inú ìbàdí rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Lọ́yà obìnrin náà ti wà lórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó ń wo ọ̀nà láti òkè awò ojú rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń ráhùn pé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù làwọn èèyàn máa ń rántí ẹ̀tọ́ wọn. Àkàbà búra. Ó fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ sọ̀ lórí ìwé, gbì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ṣe dún lọ́jọ́ tó gbà á.

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Nọ́mbà Rólà ni.

“Àbúrò mi.”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ohùn náà wí, jẹ́jẹ́, ohùn tí kì í ṣe ti Rólà. “Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ó jókòó sórí àga báyìí, mo fún un lómi. Inú ń bí i díẹ̀ pé ẹ dójú tì í lójú àwọn òṣìṣẹ́. À ń sọ̀rọ̀ nípa ògiri ọ́fíìsì mi lọ́wọ́, nípa ẹni tó ní kí wọ́n yọ ìṣó. A ó pàdé ní kóòtù. Àwa ní sùúrù.”

Àkàbà ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń lu ara ife lápá ibẹ̀. Ó gbọ́ tí Rólà gbé omi mì. Akọ̀wé ń tọ́ka sí ilẹ̀kùn kó jáde. Kò jáde. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀, kí ẹni tó wà lórí àga náà lè gbọ́ tirẹ̀ bó bá ń gbọ́.

“Èmi ni mo ní kó yọ ìṣó. Ibikíbi tí wọ́n bá gbé mi dé, màá sọ bẹ́ẹ̀, kí Rólà má ṣòpò pa á mọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ má wo ohun tó wà lórí ògiri yín.”

Lọ́yà Sùúrù kò pa fóònù náà. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, oníkálukú lápá tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀.